Ìtàn Èké Kò Yàtọ̀ sí Òǹtẹ̀ Èké: Ọ̀rọ̀ lórí Ìkòkò Olójú ti Edgefield

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ní gbàǹjo kan ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, wọ́n ta ìkòkò amọ̀ kan ní 1,560,000 dọ́là. Ìkòkò náà kì í ṣe ìkòkò ààfin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí wúrà lára rẹ̀. Ìkòkò ìpamọ́ ni, irú èyí tí àwọn olóko gúúsù Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú ẹran oníyọ̀ àti ọ̀rá. Ó lè gba nǹkan bí lítà 95. Ẹrú kan ni ó mọ ọ́n ní ọdún 1858, ní agbègbè Edgefield ní South Carolina. Dave ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn òmìnira ni ó di David Drake. Ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Crystal Bridges ní Arkansas ni ó ra ìkòkò náà.

Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í wọ ọjà kí ariwo má tẹ̀lé e. Ariwo ti òkè òkun kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tí ó yẹ kí ó kan ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ àti ọmọ Àjàṣẹ́ gbọ̀ngbọ̀n ni èyí tí ń ti ẹnu àwọn ará ilé jáde. Ó ti di àṣà pé bí wọ́n bá ti rí ohun tí aláwọ̀ dúdú fi ọwọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà láyé ẹrú, pàápàá jù lọ ìkòkò olójú ti Edgefield, kíá ni ẹnìkan yóò ti dìde pé iṣẹ́ Yorùbá ni, pé ojú egúngún ni, pé Ọbàtálá ni ó wà nínú ẹfun ẹyinjú rẹ̀. Alágbàtà kò ní ju ìyẹn lọ láti fẹ́. Yóò gbé ìkòkò kan jáde, yóò da ìtàn yìí bò ó lára bí ẹní da aṣọ bo ọ̀dá ìyàwó, yóò sì bu owó lé e. Ọmọ tí ń wá orírun rẹ̀ kiri yóò fi tìfẹ́tìfẹ́ san owó náà. Ó yẹ kí ẹnìkan sọ ọ́ gbangba pé irọ́ ni, àti pé ẹni tí ó pa irọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ìran rẹ̀ ni ó mú un pa á, kò sàn ju ẹni tí ó lu òǹtẹ̀ èké sí ìdí ìkòkò.

Ìkòkò olójú jẹ́ ìgò tàbí ife amọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré débi pé ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e. Ojú ènìyàn wà lára rẹ̀: ẹyinjú yọ síta, ètè là, eyín hàn. Amọ̀ funfun ni wọ́n fi ṣe ẹyinjú àti eyín, ara yòókù sì ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ti ewé gbígbẹ. Edwin AtLee Barber, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó kọ ìtàn ìkòkò ilẹ̀ náà ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa wọn láti ẹnu Thomas Davies, ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ kan ní Bath ní agbègbè yẹn. Davies ní nǹkan bí ọdún 1862 ni àwọn ẹrú tí ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òun ń fi àkókò ara wọn mọ wọ́n, fún ara wọn.

Ta ni àwọn ẹrú wọ̀nyí? Ọdún mẹ́rin péré ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1858, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Wanderer gúnlẹ̀ sí erékùṣù Jekyll ní Georgia pẹ̀lú ènìyàn bí 400 nínú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó 50 ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Ẹnu odò Kóńgò ni wọ́n ti kó wọn. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé apá kan nínú wọn gba odò Savannah gòkè lọ sí ìhà Edgefield, àwọn kan sì bọ́ sí ilé iṣẹ́ ìkòkò. Àwọn onímọ̀ bíi Robert Farris Thompson ti fi ìkòkò olójú wé nkisi, ohun tí àwọn ará Kóńgò ń kó oògùn àti agbára sí nínú, tí ojú rẹ̀ máa ń tàn wáí sí ẹni tí ó bá wò ó. Amọ̀ funfun ní ilẹ̀ Kóńgò jẹ́ àwọ̀ àwọn tí ó ti kú. Ẹni tí ó rí ẹfun tí ó pariwo Ọbàtálá kò wádìí bóyá ìran mìíràn náà ní ẹfun tirẹ̀.

Kò tilẹ̀ yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ àgbà bá ń mọ̀kòkò ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní abúlé Kétu mọ̀ pé obìnrin ni amọ̀kòkò Yorùbá, pé kò ní kẹ̀kẹ́ kankan tí ń yí, pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ẹsẹ̀ yí ìkòkò ká tàbí kí ó fi ìdí ìkòkò àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Orí ilẹ̀ gbalasa ni ó ti ń sun ún, pẹ̀lú igi àti koríko, iná náà kò sì ní pẹ́ kú. Ìkòkò rẹ̀ ń mí. Omi inú rẹ̀ ń tutù nítorí pé ara rẹ̀ ń lá omi. Ti Edgefield kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti ń fà á sókè, ọkùnrin ni ó sì pọ̀ jù nídìí kẹ̀kẹ́ náà. Inú ìléru gígùn ni wọ́n ti ń sun ún, níbi tí ooru ti ń kọjá 1,200 lórí ìwọ̀n Celsius. Wọ́n á po eérú tàbí ẹfun òkúta mọ́ amọ̀ àti iyanrìn, wọ́n á fi kun ara ìkòkò, iná á sì yọ́ ìkunra náà di bíi dígí. Ìkòkò bẹ́ẹ̀ le bí òkúta, kì í lá omi. Ẹni tí ó bá fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Báwo ni ọmọ amọ̀kòkò ṣe fẹ́ gbọ́ ohùn yẹn kí ó sọ pé ohùn ìyá òun ni?

Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń kó ìkòkò àtijọ́ ilẹ̀ wọn jọ kò gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n ti jìyà lọ́wọ́ ayédèrú ni, ìyà náà sì ti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jókòó gbọ́, nítorí pé ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò lára amọ̀ ni ó yẹ kí ọmọ Yorùbá máa yẹ̀ wò lára ìtàn.

Kí ènìyàn gbé ìkòkò Rookwood dání fún àpẹẹrẹ. Ìlú Cincinnati ni ilé iṣẹ́ náà wà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Maria Longworth Nichols ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1880. Ní ọdún 1886 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu òǹtẹ̀ kan sí ìdí ìkòkò wọn: lẹ́tà R tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, tí ó fara ti lẹ́tà P. Láti ọdún 1887 ni wọ́n ń fi ahọ́n iná kan kún un lórí lọ́dọọdún, títí ó fi di mẹ́rìnlá ní ọdún 1900. Láti ọdún 1901 ni wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà Róòmù sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ka ahọ́n iná lè sọ ọdún tí wọ́n bí ìkòkò náà. Kò parí síbẹ̀: nọ́ńbà àpẹẹrẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, àmì ẹni tí ó ya àwòrán ara rẹ̀ náà wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, títí kan ti Kataro Shirayamadani, ará Japan, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ya àwòrán fún wọn. Ìdí ìkòkò kan ṣoṣo, oríkì odindi. Ahọ́n iná mẹ́wàá, lára àpẹẹrẹ tí wọn kò tíì dá sílẹ̀ ní ọdún 1896, ti tó láti tú èké fó. Irú ìbéèrè tí àwọn àgbà ìlú máa ń bi àlejò tí ó ní ọmọ ìlú ni òun nìyẹn: agbo ilé wo, lábẹ́ ọba wo?

Ti McCoy tún kọ́ni ní ọgbọ́n mìíràn. Ìpínlẹ̀ Ohio ni ilé iṣẹ́ náà wà, ó sì kógbá sílé ní ọdún 1990. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee rí i pé wọn kò fi òfin dáàbò bo orúkọ náà, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìkòkò tirẹ̀, ó ń lu McCoy sí ìdí rẹ̀. Òǹtẹ̀ náà ń kà McCoy dáadáa. Ìkòkò ni kì í ṣe McCoy. Kí ni àwọn akójọ wá ṣe? Wọ́n gbé okùn ìwọ̀n. Amọ̀ máa ń sún kì bí ó bá ń gbẹ, á tún sún kì nínú iná. Ẹni tí ó bá fi ìkòkò tòótọ́ ṣe àpẹẹrẹ láti da òmíràn, ọmọ tí ó bá bí yóò kéré ju ìyá rẹ̀ lọ, kò sì sí ọgbọ́n tí yóò fi dá a padà. Nítorí náà wọ́n tẹ ìwé tí ìwọ̀n gbogbo ìkòkò tòótọ́ wà nínú rẹ̀. Lára èyí tí wọ́n ń fara wé jù ni ìkòkò bisikíìtì kan tí wọ́n fi àwòrán ìránṣẹ́bìnrin aláwọ̀ dúdú ṣe, tí ó wé gèlè, tí ó sanra, tí ó ń rẹ́rìn-ín fún olówó rẹ̀. Ẹ̀gàn náà dé ọjà débi pé wọ́n ń ṣe ayédèrú ẹ̀gàn.

Ní ti Roseville, òun náà ti Ohio, tí ó ti iṣẹ́ rẹ̀ pa ní ọdún 1954, orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni ẹ̀dà tirẹ̀ ti ń wá láti àwọn ọdún 1990. Òdòdó ara àwọn ẹ̀dà náà kò mú, bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ pa á, àwọ̀ wọn le jù, àwọn tí ó kọ́kọ́ dé kò sì ní U.S.A. tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé orúkọ lára irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Ojú tí ó bá ti rí mẹ́wàá tòótọ́ kò nílò kí wọ́n là á fún un.

Ṣùgbọ́n ti George Ohr ni ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ ìkòkò olójú jù lọ. Biloxi ní Mississippi ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1857, ibẹ̀ náà ni ó kú sí ní ọdún 1918. Àwọn ènìyàn ń pè é ní wèrè. Òun náà kò kọ orúkọ náà. Ó máa ń fún ara ìkòkò pọ̀, á ṣẹ́ ẹ, á ká a bí aṣọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkòkò rẹ̀ ni àwọn ẹbí rẹ̀ kó pamọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì di nǹkan bí ọdún 1970 kí oníṣòwò kan tó kó wọn jáde. Nígbà tí ayé wá mọ iyì wọn, àwọn tí ó ní ìkunra aláràbarà lára di ọ̀wọ́n gógó. Àwọn tí ó sun ní amọ̀ lásán kò pa owó tó bẹ́ẹ̀. Ni àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ bá ń ra ti amọ̀ lásán, wọ́n ń kun ún ní pupa àti ní àwọ̀ ewé, wọ́n ń dá a padà sínú ìléru. Ìkòkò tòótọ́ ni. Ọwọ́ Ohr ni. Òǹtẹ̀ rẹ̀ kò lábùkù. Ẹ̀wù tí ó wọ̀ ni èké. Kò sì sí ẹni tí ń sọ pé ayédèrú díẹ̀ ni èyí. Ayédèrú ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹni tí ó ṣe é ba ìkòkò tòótọ́ jẹ́ títí láé kí ó tó rí èrè rẹ̀.

Ohun tí àwọn ọmọ Yorùbá kan ń ṣe sí ìkòkò Edgefield gan-an nìyí. Ìkòkò náà jẹ́ òtítọ́. Ìyà àti ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Wọ́n wá gbé e, wọ́n fi ìtàn tí kì í ṣe tirẹ̀ kun ún, wọ́n sì tà á. Ọmọ ará Kóńgò tí ó bá tọ̀ ọ́ wá lọ́la láti béèrè ojú baba rẹ̀, ojú egúngún Yorùbá ni wọn yóò nà sí i. Ìkunra ara ìkòkò ṣeé yẹ̀ wò lábẹ́ àtùpà onímọ́lẹ̀ ultraviolet, níbi tí ọ̀dà tuntun ti máa ń tàn lọ́nà tí ó yàtọ̀. Kò sí àtùpà tí wọ́n ń tàn sí ìtàn. Ìwádìí nìkan ni.

Ó sì ya ni lẹ́nu pé Kétu ni irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀ ti lè rí àyè. Ní Kétu, ìdílé márùn-ún ni ó ń jẹ Alákétu ní ìtòtò. Oyè kan wà níbẹ̀, oyè Baba Ẹlẹ́gùn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ìtàn ìlú àti orúkọ àwọn ọba lórí, kí ó sì kà wọ́n jáde nígbà tí ọba tuntun bá gorí ìtẹ́. Nínú irú ìrántí bẹ́ẹ̀ ni Dunglas àti Parrinder ti rí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé. Bí àjèjì kan bá wọ ìlú lónìí, tí ó wọ agbádá olówó iyebíye, tí ó ní ọmọ ọba ni òun, kò sí àgbàlagbà kan tí yóò torí agbádá gbé e dé ìdí ìtẹ́. Wọn yóò bi í ní orúkọ baba rẹ̀ àti ti baba baba rẹ̀, wọn yóò sì dákẹ́ gbọ́ ibi tí yóò ti kọsẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ló dé tí ìkòkò kan, tí ó ti South Carolina dé láti ọwọ́ alágbàtà, fi rọrùn láti sọ lórúkọ ju ọmọ ènìyàn lọ?

Àwọn tí ń gbè sẹ́yìn àṣà yìí ní ìdáhùn méjì. Èkíní ni pé ọmọ ìyá ni gbogbo aláwọ̀ dúdú, pé kí ni ìyàtọ̀ láàrin Yorùbá àti Kóńgò lójú ẹni tí ó so wọ́n mọ́ ẹ̀wọ̀n kan náà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó so wọ́n mọ́ ẹ̀wọ̀n ni kò ti sí ìyàtọ̀. Òun ni ó pa orúkọ wọn rẹ́ tí ó ń pe gbogbo wọn ní ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ohun tí olówó ẹrú bàjẹ́ ṣe kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ nípa ṣíṣe bíi tirẹ̀. Ọmọ ìyá kì í gba orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀, kí ó tún ní ìfẹ́ ni ó fà á.

Ìdáhùn kejì burú jù ú lọ: pé àwọn òyìnbó ti jí ohun ìran Yorùbá tó, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ bí Yorùbá náà bá bu díẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Kí àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ wo bí ohun tí ó sọnù ṣe ń padà wálé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun ìní ààfin Àbọ̀mẹ̀ 26 padà fún orílẹ̀-èdè Benin. Àánú nìkan kọ́ ni ó gbé wọn padà. Ìwé ni. Àkọsílẹ̀ wà pé ọmọ ogun Ọ̀gágun Dodds ni ó kó wọn ní ọdún 1892, àkọsílẹ̀ sì wà nípa bí Dodds ṣe fi wọ́n ta ilé àkójọ Trocadéro ní Paris lọ́rẹ. Lọ́jọ́ tí Kétu bá fẹ́ béèrè ohun tí ó sọnù nígbà tí ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ wó ìlú náà ní ọdún 1886, tàbí ohun tí àwọn amúnisìn kó lẹ́yìn náà, ìwé ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ti fi ọwọ́ sí ìtàn èké nípa ìkòkò Edgefield, ta ni yóò gbà á gbọ́ nígbà tí ó bá mú òtítọ́ dání? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ọjọ́ náà sì lè jẹ́ ọjọ́ ìjókòó pẹ̀lú àwọn aṣojú Paris.

Èyí tí ó bani nínú jẹ́ jù ni pé ìran Yorùbá ilẹ̀ Benin ní ẹni tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí kò nílò àbùmọ́ kankan. Ní ọdún 1860, ọkọ̀ Clotilda kó ènìyàn bí 110 láti Ouidah lọ sí Mobile ní Alabama. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí Amẹ́ríkà mọ̀ sí Cudjo Lewis. Ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ ni ó mú un nígbà tí wọ́n kọlu ìlú rẹ̀. Òpìtàn Sylviane Diouf sì ti fi ìwádìí tọpasẹ̀ rẹ̀ dé agbègbè Bantè, láàrin àwọn Yorùbá tí ń jẹ́ Ìṣà. Lẹ́yìn òmìnira, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra ilẹ̀, wọ́n dá àdúgbò tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Africatown. Ó gbé ayé títí di ọdún 1935. Zora Neale Hurston jókòó tì í ní ìparí àwọn ọdún 1920, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ó di ọdún 2018 kí wọ́n tó tẹ ìwé náà. Ní ọdún 2019 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ti rí àwókù ọkọ̀ náà nínú odò. Orúkọ rẹ̀ wà, ìlú rẹ̀ wà, àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Mélòó nínú àwọn tí ń pariwo ìkòkò olójú ni ó ti gbọ́ orúkọ Kossola rí? Bantè kò jìnnà sí Ṣábẹ̀ẹ́. Ọmọ ẹni ń bẹ nílé láìní ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń sáré lọ so ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Ó ku Dave fúnra rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1800 ni wọ́n bí i, ní ilẹ̀ South Carolina. Ní ọdún 1834, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tí ó ka kíkọ́ ẹrú ní ìwé léèwọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Dave ti ń fi igi kọ ọ̀rọ̀ sí ara amọ̀ tútù. Ó kọ ọjọ́, ó kọ ewì kúkúrú, ó kọ lẹ́tà tí ó dúró fún orúkọ olówó rẹ̀, Lewis Miles, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà ní èjìká ìkòkò níbi tí kò sí ẹni tí kò ní rí i. Lára ìkòkò kan ní ọdún 1857 ni ó ti fi ewì béèrè àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ti tà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn akójọ mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n kọ sára amọ̀ tútù máa ń ní etí rírọ̀ níbi tí igi ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkunra dídán a sì ṣàn wọ inú rẹ̀. Ohun tí ẹnìkan bá gbẹ́ sí i lẹ́yìn tí ó ti sun yóò ṣẹ́ wẹ́wẹ́ létí, inú rẹ̀ yóò sì gbẹ. Nítorí náà ni orúkọ Dave kò fi rọrùn láti jí, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn láti fi bọ ẹnu ẹlòmíràn.

Ní ọdún 2025, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ti Boston gbà láti dá ìkòkò Dave méjì padà fún àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀. Wọ́n sì tún ra ọ̀kan padà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó jẹ́ ẹrú láìní nǹkan kan lójú òfin fún ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ti wá di baba tí ó fi ogún sílẹ̀. Orúkọ tí ó kọ ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó mọ ìkòkò olójú kò kọ orúkọ, títí di òní kò sì sí ẹbí tí ó lè na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú wọn.

Kí ọmọ ẹgbẹ́ wá yí ojú padà sí ilé. UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá ayé ní ọdún 2008. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún àwọn ilé àkójọ ní Yúróòpù, ohun tí ó sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ wọn ni "Yorùbá, agbègbè Kétu". Kò sí orúkọ agbẹ́gilére. Àwọn tí ó gbẹ́ wọn ní orúkọ, wọ́n ní oríkì, àwọn ọmọ wọn ń bẹ ní agbo ilé títí di òní. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè. Ní báyìí ẹ̀dà ti gba ọjà, wọ́n ń fi èéfín dáná yá ère tuntun, wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀ kí ikán lè jẹ ẹ́ díẹ̀, wọ́n ń tà á fún àlejò ní ère baba ńlá. Àkójọ Amẹ́ríkà mọ ẹni tí ó ya òdòdó sára ìkòkò Rookwood ní ọdún 1894. Ìran tí ó ni Baba Ẹlẹ́gùn kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ ère tí ó jó lójú ọjà ní ọdún 1960.

Owó tí àwọn kan fẹ́ kó jọ láti ra ìkòkò olójú kan sí gbọ̀ngàn àṣà yóò wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá fi ra ìwé àti bírò. Àwọn àgbà obìnrin tí ń mọ̀kòkò kù díẹ̀, agbẹ́gilére tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ baba rẹ̀ ń dàgbà. Kí ẹgbẹ́ rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí agbo ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ orúkọ oníṣẹ́, orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ, ibi tí ó ti ń wa amọ̀ tàbí irú igi tí ó ń gbẹ́, àti ìwọ̀n ohun tí ó ṣe pẹ̀lú àwòrán ìdí rẹ̀. Kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé náà kan sí ààfin, kí òmíràn wà ní ilé àkójọ Àjàṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìkòkò Edgefield wá ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ, kí wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kí wọ́n sì kọ Kóńgò sí abẹ́ rẹ̀.